Jẹjẹrẹ Ẹnu: Ẹ Má Dúró De Iná Búlúù, Ẹ Tan Tọ́ọ̀ṣì

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó tó èèyàn mẹ́fà tó fi fídíò kan náà ránṣẹ́ sí mi. Dókítà eyín kan lókè òkun ló wà nínú rẹ̀. Ó pa iná yàrá, ó tan iná búlúù kékeré kan sí ẹnu aláìsàn, gbogbo ẹnu náà sì ń tàn bí ewé tútù, àfi ojú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n tó dúdú bí ẹni pé wọ́n fi èédú kàn án. Wọ́n ní jẹjẹrẹ nìyẹn. Ìbéèrè tí àwọn tó fi í ránṣẹ́ ń bi mí kò ju méjì lọ: "Ṣé irú iná yìí wà ní Ìlọrin?" àti "Èló ni wọ́n ń gbà?"

Mo fẹ́ dáhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdáhùn mi lè má tẹ́ yín lọ́rùn. Èrò tèmi ni pé àìsí iná búlúù kọ́ ló ń pa èèyàn wa. Ohun tó ń pa wá ni pé kò sẹ́ni tó ń wo ẹnu wa rárá, ì báà ṣe pẹ̀lú iná búlúù, ì báà ṣe pẹ̀lú iná funfun.

*OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍLÉ WA*

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀bi tèmi. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Àbúrò ìyá mi kan wà tó ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní Ọjà Ọba títí tó fi darúgbó. Láti ìgbà ọmọge ló ti máa ń fi tábà sábẹ́ ètè. Ó ní òun kì í fa sìgá, òun kì í mu ọtí, tábà díẹ̀ yìí ló ń jẹ́ kí ojú òun dá lọ́jà. Lọ́jọ́ kan ó pè mí lórí fóònù pé nǹkan kan ń ta òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n bí òun bá jẹ ata. Mo ní, "Ẹ fi omi iyọ̀ yọ ẹnu, Màmá." Lẹ́yìn oṣù kan ó tún pè. Mo ní eyín tó kán lápá ibẹ̀ ló ń gé e, kí wọ́n bá a ra oògùn ní kẹ́míìsì. Wọ́n ta kápúsù fún un. Ó lò ó tán, ó tún ra òmíràn. Àwọn kan fún un ní àgbo. Ní gbogbo àsìkò yẹn mo máa ń yà sílé rẹ̀, a ó kí ara wa, a ó rẹ́rìn-ín, èmi tí mo fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì jẹun kò sì fi ọjọ́ kan ṣoṣo sọ pé, "Màmá, ẹ la ẹnu kí n wò ó."

Ọjọ́ tí mo wá wò ó, oṣù méje ti kọjá. Iná fóònù ni mo tàn. Ohun tí mo rí kò gba ìṣẹ́jú kan: egbò tí etí rẹ̀ nípọn, tó le gbagidi nígbà tí mo fọwọ́ kàn án, kókó kan sì ti so sí ọrùn rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n. Wọ́n ṣe gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe fún un nílé ìwòsàn. Ìyá náà kò lò tó ọdún kan lẹ́yìn ìgbà náà. Nígbà tó yá, kò lè gbé itọ́ ara rẹ̀ mì. Ẹni tó ti fi ẹnu polówó ọjà fún ọdún gbọọrọ kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ọwọ́ ló fi ń dágbére fún wa.

Iná tí mo tàn lọ́jọ́ náà ti wà nínú àpò mi láti oṣù kìn-ín-ní. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

*KÍ NI JẸJẸRẸ ẸNU?*

Òun ni jẹjẹrẹ tó ń mú ètè, ahọ́n, abẹ́ ahọ́n, èrìgì, inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àjà ẹnu. Nínú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo inú ẹnu ló ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2022, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá jẹjẹrẹ ètè àti ẹnu lára wọn lágbàáyé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 390,000, àwọn tó sì kú nípasẹ̀ rẹ̀ lọ́dún náà lé ní 188,000.

Tábà ni olórí ohun tó ń fà á: èyí tí wọ́n ń fà bíi sìgá, èyí tí wọ́n ń jẹ, àti aṣáà tí wọ́n ń fi sábẹ́ ètè. Àwọn àgbàlagbà wa kan gbà pé tábà tí kò ní èéfín kò léwu. Irọ́ ni. Ọtí líle ló tẹ̀ lé e, bí ẹnì kan bá sì ń lo méjèèjì pọ̀, ewu náà máa ń di ìlọ́po-ìlọ́po. Kòkòrò HPV, tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, tún lè fa jẹjẹrẹ lọ́nà ọ̀fun. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ni ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọmọ ọdún 9 sí 14 láti oṣù kẹwàá ọdún 2023. Síbẹ̀, ẹni tí kò mu sìgá, tí kò tọ́ ọtí wò, lè ní jẹjẹrẹ ẹnu. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun.

*KÉKERÉ LA TI Ń PẸ̀KA ÌRÓKÒ*

Àwọn àgbà ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, tó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Kò sí àrùn tí òwe yìí bá mu bíi jẹjẹrẹ ẹnu. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ka àwọn aláìsàn wọn dáadáa, bí wọ́n bá rí i nígbà tó ṣì wà lójú kan, ó lé ní 80 nínú 100 tó ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Bó bá ti tàn dé ibi tó jìnnà nínú ara, iye náà máa ń já wá sí bíi 40. Àrùn kan náà ni, ilé ìwòsàn kan náà ni, ọjọ́ tí wọ́n rí i ni ìyàtọ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ẹnu àti àgbọ̀n ti ń kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún pé púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn wọn kì í dé àfi nígbà tí ìrókò bá ti dàgbà. Ẹ má rò pé àìmọ̀kan àwọn tálákà nìkan ló ń fa èyí o. Ulysses Grant jẹ́ ọ̀gágun, ó sì jẹ ààrẹ Amẹ́ríkà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1884, ó gé èso kan jẹ, ọ̀fun rẹ̀ sì ta á gan-an. Ó fara dà á. Ó di ìgbà tí oṣù bíi mélòó kan kọjá kó tó lọ rí dókítà tó mọ̀ nípa ọ̀fun. Ní ọjọ́ 23 oṣù keje ọdún 1885, jẹjẹrẹ ọ̀fun pa á. Bí ààrẹ bá lè fi í falẹ̀, ta ni kò lè fi í falẹ̀?

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé lọ́pọ̀ ìgbà àrùn yìí kì í dunni níbẹ̀rẹ̀. Eyín tó ń jẹra á ké, ilé kò ní sùn. Jẹjẹrẹ máa ń yọ́ wọlé bí olè, àìtètè mú olè sì ni olè fi ń mú olóko.

*BÍ INÁ BÚLÚÙ ṢE Ń ṢIṢẸ́*

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká padà sórí fídíò yẹn. N kò ní kí ẹnikẹ́ni fojú kéré ẹ̀rọ náà, ọgbọ́n gidi ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà mọ iná kékeré tí wọ́n fi ń yẹ owó wò. Bí wọ́n bá tàn án sí ojúlówó náírà, àwọn àmì kan tí ojú lásán kò lè rí á tàn. Ọgbọ́n iná búlúù fẹ́ jọ bẹ́ẹ̀. Àwọn èròjà kan wà nínú ẹran ara wa tó máa ń tàn fúnra wọn bí iná búlúù bá bà wọ́n. Nínú ẹnu tó dá ṣáká, wọ́n á tàn ní àwọ̀ ewé. Níbi tí jẹjẹrẹ, tàbí ohun tó lè di jẹjẹrẹ, bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn èròjà wọ̀nyí máa ń bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ á sì pọ̀ sí i níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Ìdí nìyẹn tí ojú ibẹ̀ fi ń ṣókùnkùn. Èyí tó lókìkí jù nínú àwọn ẹ̀rọ náà ni VELscope, tí wọ́n ṣe ní Canada. Àjọ FDA, tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí títà rẹ̀ ní ọdún 2006.

Irú kejì ni ViziLite. Aláìsàn á kọ́kọ́ fi omi tí wọ́n po èròjà fínígà mọ́ yọ ẹnu, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tan iná sí i, ibi tí kò dára á sì funfun ju ibi tó kù lọ. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti ṣe àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ rí lè rántí pé fínígà ni nọ́ọ̀sì fi pa ibẹ̀ kó tó wò ó. Ọgbọ́n kan náà ni.

*IBI TÍ AGBÁRA INÁ NÁÀ PIN SÍ*

Àmọ́ o, owó tó bá bọ́ sínú omi ọṣẹ ìfọṣọ lè jẹ́ ojúlówó kí iná sì pè é ní ayédèrú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹnu. Egbò lásán lè ṣókùnkùn lábẹ́ iná búlúù. Èrìgì tó wú lè ṣókùnkùn. Ibi tí èèyàn fi eyín gé nígbà tó ń jẹun lè ṣókùnkùn. Ẹ tún gbọ́ èyí: dúdú tí Ọlọ́run fi sí èrìgì ọ̀pọ̀ àwa aláwọ̀ dúdú, tí kò ní àrùn kankan nínú, náà lè ṣókùnkùn. Lódìkejì ẹ̀wẹ̀, àbàwọ́n funfun kan lè wà tó nípọn, tó ń tàn yanran lábẹ́ iná náà, kó sì jẹ́ pé ewu ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà lè dẹ́rù bani lásán, ó sì lè fini lọ́kàn balẹ̀ lásán.

Nítorí èyí ni ìgbìmọ̀ Ẹgbẹ́ Àwọn Dókítà Eyín Amẹ́ríkà fi sọ nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2017 pé kí dókítà má gbára lé irú iná bẹ́ẹ̀ láti pinnu bóyá ohun tó wà lẹ́nu aláìsàn léwu tàbí kò léwu. Wọ́n ní bí ohun tí ó rí bá ń kọ ọ́ lóminú, kí ó gé díẹ̀ nínú ẹran ibẹ̀, kí wọ́n lọ wò ó nínú maikirosíkóòpù. Ẹran tí wọ́n gé yẹn nìkan ló ń fi jẹjẹrẹ hàn pé jẹjẹrẹ ni. Iná kò lè sọ ọ́.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé iná búlúù wá sí àdúgbò yín, tó ní iye báyìí ni òun ń gbà láti fi wo jẹjẹrẹ, ìbéèrè kan ni kí ẹ bi í: "Bí ibì kan bá dúdú lẹ́nu mi, ta ni yóò gé e, ta ni yóò sì wò ó nínú maikirosíkóòpù?" Bí kò bá rí èsì gidi fọ̀, ẹ fi owó yín sápò, kí ẹ gba ọsibítù lọ.

*Ẹ̀RÍ LÁTI KERALA*

Ẹnì kan lè sọ pé, "Ìyá nọ́ọ̀sì, ṣé tọ́ọ̀ṣì lásán wá lè gba ẹ̀mí là?" Kì í ṣe tèmi ni kí ẹ gbà, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní India.

Ní agbègbè Trivandrum, ní ìpínlẹ̀ Kerala, níbi tí jíjẹ tábà ti wọ́pọ̀ gan-an, àwọn olùwádìí kó àdúgbò 13 jọ, tí àwọn èèyàn tó ti tó ọmọ ọdún 35 nínú wọn lé ní 190,000. Wọ́n pín àwọn àdúgbò náà sí méjì. Láti ọdún 1996 títí wọ ọdún 2004, wọ́n rán àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lọ sí ojúlé ní apá kan láti máa wo ẹnu àwọn èèyàn, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Àwọn òṣìṣẹ́ náà kì í ṣe dókítà, ńṣe ni wọ́n kọ́ wọn ní ohun tó yẹ kí wọ́n máa wá. Kò sí iná búlúù lọ́wọ́ wọn, ojú ni wọ́n fi ń wò ó nínú ìmọ́lẹ̀ tó mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹni tí wọ́n bá rí nǹkan lẹ́nu rẹ̀, wọ́n á darí rẹ̀ sọ́dọ̀ dókítà.

Ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2005. Bí a bá pa gbogbo èèyàn pọ̀, ìyàtọ̀ tó wà láàárín apá méjèèjì kò tó ohun tí wọ́n lè fi ọwọ́ sọ̀yà. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn tó ń lo tábà tàbí ọtí, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Níbi tí wọn kò ti wo ẹnu, àwọn tí jẹjẹrẹ ẹnu pa nínú wọn jẹ́ bíi 45 nínú 100,000 lọ́dún. Níbi tí wọ́n ti wò ó, ó jẹ́ bíi 30. Ìyẹn ni pé nínú mẹ́ta tí ì bá kú, wọ́n gba ẹnì kan là. Ojú, ìmọ́lẹ̀ àti ẹni tí wọ́n kọ́ níṣẹ́, òun náà nìyẹn.

Ẹ wá wò ó, èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a kò lè rí ní Kwara?

*BÍ A ṢE Ń WO ẸNU*

Nínú ìlú tiwa yìí, ọ̀pọ̀ wa ń yọ ẹnu nínú àlùwàlá ní ìgbà márùn-ún lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta-mẹ́ta nígbà kọ̀ọ̀kan. A ń rin pákò láàárọ̀ títí eyín á fi funfun. Kò sí ẹ̀yà ara tí omi ń dé tó ẹnu, síbẹ̀ kò sí èyí tí ojú wa kì í dé bíi rẹ̀. Ẹ mú ọjọ́ kan lóṣù, ì báà jẹ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ tàbí Sunday àkọ́kọ́, kí ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ fọ ọwọ́ yín. Bí ẹ bá ń lo eyín àtọwọ́dá tó ṣeé yọ, ẹ yọ ọ́. Ẹ dúró níwájú dígí, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì tàbí iná fóònù.

2. Ẹ fa ètè òkè sókè, ẹ fa ti ìsàlẹ̀ wálẹ̀, ẹ wo inú wọn. Ẹni tó ń fi tábà síbẹ̀, kó wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

3. Ẹ fi ìka fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan síta, ẹ wo inú rẹ̀ àti èrìgì yíká.

4. Ẹ yọ ahọ́n síta, ẹ fi aṣọ tó mọ́ di ṣóńṣó rẹ̀ mú, ẹ fà á sọ́tùn-ún, ẹ fà á sósì. Ẹ má fi ojú fo ẹ̀gbẹ́ ahọ́n, torí ibẹ̀ ni àrùn yìí fẹ́ràn. Ẹ wá gbé ahọ́n sókè kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀.

5. Ẹ gbé orí sẹ́yìn, ẹ wo àjà ẹnu.

6. Ẹ fi ìka tẹ abẹ́ àgbọ̀n àti ẹ̀gbẹ́ ọrùn méjèèjì, bóyá kókó kan wà níbẹ̀.

Kí ni ẹ ń wá? Egbò tí kò jinná. Àbàwọ́n funfun tí kò ṣeé nù kúrò. Àbàwọ́n pupa tó rí bí aṣọ àrán, èyí tilẹ̀ léwu ju funfun lọ. Ibi tó le tàbí tó wú. Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ kò mọ ibi tó ti wá. Eyín tó ń mì láìnídìí. Ètè tàbí ahọ́n tó kú tipiri bí ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́. Oúnjẹ tó ń ṣòroó gbé mì.

Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ẹ ó rí kò ní jẹ́ jẹjẹrẹ, nítorí náà ẹ má jáyà. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ há sórí: *ọjọ́ mẹ́rìnlá*. Egbò lásán yóò ti jinná kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Èyí tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ì báà dunni, ì báà má dunni, ẹ gbé e lọ bá dókítà eyín. Ẹ má ra kápúsù kejì.

*Ẹ̀RÙ IRIN*

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn ń rò: "Wọ́n ní bí irin bá ti kan jẹjẹrẹ, ṣe ló máa ń tàn ká." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé pàápàá. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn èèyàn wa kì í lọ títí tí àrùn á fi tàn tán. Nígbà tí wọ́n bá wá gé e, tí aláìsàn sì kú, irin ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi. Gígé díẹ̀ fún àyẹ̀wò kò ju kí wọ́n gún ojú ibẹ̀ lábẹ́rẹ́ kó kú, kí wọ́n bù díẹ̀ nínú ẹran náà, kí wọ́n rán ojú rẹ̀. Èèyàn á sì lọ sílé lọ́jọ́ náà. A kò ní láti lọ sí India fún ìyẹn. Ẹ̀ka ìtọ́jú eyín àti iṣẹ́ abẹ ẹnu wà ní UITH, lọ́nà Jẹ́bà níbí.

*Ẹ̀BẸ̀ MI*

Mo bẹ ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mi, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera ní gbogbo ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé: bí ẹ bá ti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá àgbàlagbà tán, ẹ ní kó la ẹnu. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní kẹ́míìsì, bí ẹnì kan bá padà wá ra oògùn egbò ẹnu lẹ́ẹ̀kejì, ẹ má tà á fún un, ẹ fi ọ̀nà ọsibítù hàn án. Ẹ̀yin tí ẹ ń yọ eyín, eyín tó ń mì lẹ́nu àgbàlagbà láìsí ìdí, ẹ má kánjú yọ ọ́. Ẹ̀yin àáfà àti pásítọ̀ wa, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ wá létí ju ti nọ́ọ̀sì lọ. Ẹ bá wa sọ ọ́.

Mo tún bẹ ìjọba Kwara. Kì í ṣe pé kí wọ́n ra iná búlúù olówó ńlá kí ó wá dùbúlẹ̀ sínú páálí. Àwa ni a fi ẹsẹ̀ rin ojúlé dé ojúlé pẹ̀lú oògùn rọpárọsẹ̀, títí tí wọ́n fi kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 pé ojúlówó kòkòrò rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀ Áfíríkà. Ẹsẹ̀ tó wá ọmọ kéékèèké kàn nílé lè wá ìyá àgbà tó ń jẹ tábà kàn. Ìpínlẹ̀ yìí kan náà ni ètò adójútòfò ìlera fún àwọn ará oko ti bẹ̀rẹ̀ ní Shonga ní ọdún 2007, ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2014 sì fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn tó wà lábẹ́ ètò náà ní Kwara wálẹ̀ ju ti àwọn tí kò sí lábẹ́ rẹ̀ lọ. A ti ṣe é rí. Ẹ kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń wo ẹnu, ẹ fún wọn ní tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì fi owó àyẹ̀wò ẹran sínú adójútòfò.

Ṣé mo ń lòdì sí ọgbọ́n tuntun ni? Rárá o. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Arizona àti àwọn dókítà ní Bangalore ti jọ ṣe fóònù kan tó ní iná funfun àti iná búlúù pọ̀. Òṣìṣẹ́ ìlera á ya fọ́tò ẹnu ní abúlé, dókítà á sì wò ó láti ìlú ńlá. Mo ń gbàdúrà kí irú rẹ̀ dé Kaiama àti Baruten, níbi tí ọ̀nà ti jìn sí Ìlọrin. Ṣùgbọ́n fóònù náà pàápàá nílò ẹnì kan tí yóò kọ́kọ́ sọ pé, "Màmá, ẹ la ẹnu." Ẹni tí kò bá lè sọ ọ́ nígbà tí tọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní sọ ọ́ nígbà tí iná búlúù bá dé.

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọ̀rọ̀ sísọ ni wọ́n fi òwe yìí kìlọ̀ fún wa lé lórí. Lọ́dọ̀ tèmi, dídákẹ́ ló fa ọ̀ràn. Oṣù méje ni mo fi ń bá àbúrò ìyá mi sọ̀rọ̀ nípa ẹnu rẹ̀ láì wo ẹnu náà.

Ní alẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ tan iná fóònù tí ẹ fi ń ka ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ wo ẹnu yín. Lẹ́yìn náà, ẹ pe àgbàlagbà kan nínú ilé yín tó ń lo tábà, kí ẹ fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ẹ wo tirẹ̀. Bí ẹ bá ti ṣe méjèèjì tán, ẹ wá fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Ọlọ́run kò ní fi àìsàn ṣe wá o. Ire o.